Ajá Tó Ti Hewú Ni Mo Yà fún Ìbẹ̀rẹ̀ Tuntun

Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn ya ohun tó lè dúró fún ìbẹ̀rẹ̀ tuntun, oòrùn tó ń yọ ni ọ̀pọ̀ máa yà. Àwọn mìíràn á ya ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, tàbí ẹyẹ tó ń fò jáde nínú àgò, tàbí irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí nínú ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ajá ni wọ́n fẹ́ yà, ọmọ ajá ni wọ́n máa mú, èyí tí etí rẹ̀ ṣì wọ́ nílẹ̀, tí ikùn rẹ̀ rí roboto. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ajá tí èmi yà ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń le bó bá sùn pẹ́. Dúdú ni orúkọ rẹ̀. Àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ tuntun ni mo pe èyí tí mo yà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi tó ni ajá kò kọ́kọ́ gbà fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ Dúdú láti kékeré. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí òkè òkun, ilé tó máa gbé níbẹ̀ kò gba ajá, bẹ́ẹ̀ ni ajá náà ti dàgbà kọjá ohun tí à ń kó sínú ọkọ̀ òfuurufú. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe mi sílẹ̀ ni. Mo wà nílé, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe. Bí ajá ṣe di tèmi nìyẹn, òun àti àwo oúnjẹ rẹ̀ àti aṣọ àtijọ́ kan tó máa ń sùn lé.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè. Ó ní, “Ìwọ tí o mọ àwòrán yà, jọ̀ọ́, bá mi ya Dúdú. Mo fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri níbí.” Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Dúdú ni, nígbà tó wà ní ọ̀dọ́: irun rẹ̀ ń dán, ahọ́n rẹ̀ wà níta, etí kan dìde, èkejì tẹ̀ síwájú.

Mo wo fọ́tò náà, mo wo ajá tó sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

“Àǹtí mi, èyí kọ́ ni ajá tó wà lọ́dọ̀ mi.”

“Òun náà ni.”

“Òun kọ́ mọ́, mà.”

Ó ní kí n má ṣe àlàyé kankan fún òun, kí n ṣáà máa yà á lọ.

Nínú àwòrán àwọn ará Yúróòpù àtijọ́, ajá kì í ṣe àjèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi ń rán an kò pọ̀. Ní 1434, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Jan van Eyck ya ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú nínú yàrá, ó sì fi ajá kékeré onírun gígùn kan sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Àwòrán náà wà ní National Gallery, ilé àkójọ àwòrán kan ní Lọ́ńdọ̀nù, títí di òní, ó sì ti mọ́ àwọn tó ń túmọ̀ àwòrán lára láti máa sọ pé ìṣòótọ́ ni ajá yẹn dúró fún. Ní 1837, Edwin Landseer, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya ajá darandaran kan tó gbé àgbọ̀n lé orí pósí ọ̀gá rẹ̀, nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ẹni tó bá wo ìyẹn tí nǹkan kan kò ṣe é, ọkàn rẹ̀ le. Ìṣòótọ́ àti ọ̀fọ̀, bí wọ́n ṣe há ajá mọ́ àárín méjèèjì nìyẹn. Lónìí náà, púpọ̀ nínú wa kì í rántí pé ó yẹ ká ya ẹran tí a fẹ́ràn àfi ìgbà tó bá ti kú. Ojú ẹ̀yìn là ń kọ sí nígbà tí a bá ń ya ajá. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi náà fẹ́ nìyẹn, bí ajá rẹ̀ tilẹ̀ wà láàyè, tó ń jẹun, tó ń hanrun.

Èmi ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí mo ti fi ojú ara mi rí.

Nígbà tí Dúdú kọ́kọ́ dé, ẹnu ọ̀nà ló ń sùn. Ó ń jẹun, kò ké, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn kọ ojú sí ilẹ̀kùn ni, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Bí bàtà bá dún lóde, etí á nà; bí bàtà náà bá kọjá lọ, etí á wálẹ̀. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo ń pe orúkọ rẹ̀, ìrù rẹ̀ á mì lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀wọ̀, ojú kò ní kúrò lára ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú mọ ilé. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó dé igun tí mo ń kó ìwé sí, ó sín, ó padà. Ó rí ibi tí oòrùn àárọ̀ máa ń gbà wọlé, ó sì mọ̀ pé bó bá di ọ̀sán, oòrùn á ti ṣí kúrò níbẹ̀, kí òun náà yára ṣí. Ó mọ ìró kọ́kọ́rọ́ mi. Ó ṣàkíyèsí pé èmi kì í tètè jí bíi ti ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó pinnu pé ìwà yẹn kò dára, ó wá ń fi imú tútù ta mí lẹ́sẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jáde sí pálọ̀, mi ò bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti na gbalaja sínú oòrùn, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Mo dúró wò ó pẹ́. Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi kúrò níbi iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lé mi, mo ṣì ń yẹ fóònù wò ní gbogbo àárọ̀ bóyá ẹnì kan ń wá mi níbẹ̀. Nínú àwa méjèèjì, ta ló ti bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun? Ajá ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọmọ ajá kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọ ajá ń bẹ̀rẹ̀ ni, kò tún nǹkan kan bẹ̀rẹ̀. Kò ní ilẹ̀kùn àtijọ́ tó máa kọ ẹ̀yìn sí. Gbogbo ilé ni ilé àkọ́kọ́ lójú rẹ̀, gbogbo ọwọ́ tó bá gbé e ló dára. Ẹni tó ti mọ ọwọ́ kan, tó ti mọ òórùn kan, tó ti mọ àsìkò tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn kan, tí gbogbo rẹ̀ wá yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì tún wá ibòmíràn tí oòrùn ń gbà wọlé, òun ni mo fẹ́ yà.

Mo máa ń ronú kan Louis Wain, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń yàwòrán fún ìwé ìròyìn. Ó gbé Emily níyàwó ní 1884, kò sì pẹ́ tí àrùn jẹjẹrẹ fi dá obìnrin náà dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ológbò kan tó ń jẹ́ Peter, dúdú òun funfun, tí wọ́n gbà sílé láti ìgboro. Kí inú ìyàwó rẹ̀ lè dùn lórí àìsàn ni Wain ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya Peter lóríṣiríṣi, Emily ló sì ń rọ̀ ọ́ pé kó gbé àwọn àwòrán náà jáde. Ní 1886, ìwé ìròyìn Illustrated London News tẹ àwòrán ńlá kan tó yà, níbi tí àwọn ọmọ ológbò ti ń ṣe àríyá Kérésìmesì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1887, Emily kú. Láti ìgbà náà, ológbò ni Wain fi jẹun, ológbò ló sọ ọ́ di ẹni tí tọmọdé tàgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tuntun wà lọ́kàn rẹ̀ rárá nígbà tó jókòó ti ibùsùn aláìsàn, tó ń ya etí Peter. Ó fẹ́ kí obìnrin rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni. Ayé rẹ̀ tó kù sì wà nínú bébà yẹn tí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iṣẹ́ náà gan-an.

Ajá kì í jókòó fún ayàwòrán. Ẹni tó bá ní tòun ń jókòó, ajá náà ti sùn ni. David Hockney, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya àwọn ajá rẹ̀ méjèèjì, Stanley àti Boodgie, ní 1995, lẹ́yìn ọdún kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Henry Geldzahler, kú. Ó ní láti to ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé, ní ìwọ̀n gíga ajá, kó lè wà ní sẹpẹ́ fún ìgbà tí wọ́n bá fara balẹ̀. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ẹ wo àwọn àwòrán náà: tìmùtìmù ni, oorun ni, ara ajá tó ká mọ́ra. Ọkùnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ kò ya ibojì, ajá tó ń sùn lọ́sàn-án gangan ló yà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju àwòrán pósí yẹn lọ.

Èmi náà lo oorun Dúdú. Mo ń fi pẹ́ńsù fa ìlà ara rẹ̀ sínú ìwé kékeré: bí ẹ̀yìn ṣe tẹ̀, bí ẹsẹ̀ iwájú ṣe ká sábẹ́ àyà, bí awọ iwájú orí ṣe ń sún pọ̀ bó bá ń lálàá. Púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà kò ju ìlà bíi mélòó kan lọ kó tó yí padà. Mo ya fọ́tò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí kí n tó yà á. Bí a bá dúró lókè ya ajá nílẹ̀, orí rẹ̀ á tóbi, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kúrú, ajá á sì máa wo ni bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Bí ojú bá ṣe déédéé ojú, àgbà ajá á padà di àgbà. Mi ò sì tan iná kámẹ́rà. Ẹ̀yìn ẹyinjú ajá àti ti ológbò ní awọ kan tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, òun ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ríran nínú òkùnkùn ju tiwa lọ. Bí iná kámẹ́rà bá kọlu awọ yẹn, ojú á tàn yòò, gbogbo ohun tó yẹ ká rí nínú rẹ̀ á sì bọ́ mọ́ wa lójú.

Ọ̀rọ̀ wá kan dúdú. Ẹni tí kò bá tíì ya ẹran dúdú rí á rò pé kò sí wàhálà níbẹ̀: ra ọ̀dà dúdú, kùn ún. Ẹ dán an wò. Ihò lẹ máa rí lórí kánfáàsì, ihò tó ní ìrísí ajá. Ọ̀dà dúdú inú túùbù, bí a bá lò ó lásán, ńṣe ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, bẹ́ẹ̀ irun ajá ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ni. Mo po ultramarine, búlúù tó jìn, mọ́ burnt umber, búráùn tó ṣókùnkùn. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, dúdú tó ń jáde níbẹ̀ ní ẹ̀mí. Bí búlúù bá borí, dúdú náà á tutù. Bí búráùn bá borí, á móoru.

Mo wá jókòó ti ajá nínú oòrùn, mo ń wo ara rẹ̀ níbùú lóròó. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí fèrèsé, búlúù ni; àwọ̀ ojú ọ̀run gan-an ló bà lé e. Ẹ̀gbẹ́ ikùn tó súnmọ́ ilẹ̀ ti yá àwọ̀ pákó tó sùn lé. Níbi itan, oòrùn ọdún pípẹ́ ti pa àwọ̀ irun dà, ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ní ọrùn, níbi tí bẹ́líìtì rẹ̀ máa ń há mọ́, irun ti fọ́n, awọ àwọ̀ eérú hàn lábẹ́ rẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó dúdú gan-an lára ajá tó ń jẹ́ Dúdú. Inú ihò imú rẹ̀ ni, àti ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ojú rẹ̀ ká. Kò sí ibòmíràn.

Mo ti mọ ajá yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kan gbé e. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n júwe rẹ̀ fún òun tẹ́lẹ̀, “ajá dúdú” ni mo máa sọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tí a ti mọ̀ tipẹ́, a kì í wò ó mọ́. Nígbà tí ènìyàn bá ní láti po àwọ̀ itan ajá nìkan ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wo itan ajá.

Funfun ẹnu rẹ̀ náà kò sì funfun. Franz Marc, ayàwòrán ará Jámánì, ní ajá funfun kan tó ń jẹ́ Russi. Ní nǹkan bí 1911 ó yà á níbi tó sùn sí lórí yìnyín: ajá funfun, ilẹ̀ funfun. Ó fa yẹ́lò sára ajá, ó fa búlúù sínú òjìji yìnyín, àwọn funfun méjèèjì sì yanjú láìsí ìjà. Ohun tí mo lò náà nìyẹn. Yẹ́lò díẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n Dúdú, pupa tín-ínrín wà níbi tí awọ ètè ti hàn láàárín irun, àwọ̀ eérú sì wà níbi tí funfun àti dúdú ti ń bá ara wọn du àyè, lókè imú.

Bí mo ṣe ń fa irun wọ̀nyẹn ni nǹkan kan yé mi, inú mi sì dùn sí i ju gbogbo ohun tó kù nínú iṣẹ́ náà. Irun tó ti hù ní dúdú kì í ṣàdédé di funfun lórí ìdúró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fi àwọ̀ sí gbòǹgbò irun ló máa ń ṣíwọ́ iṣẹ́ bí ọjọ́ orí bá ń gòkè. Irun àtijọ́ á re, òmíràn á hù nípò rẹ̀, èyí tó hù á sì jáde láìláwọ̀. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, irun funfun ni irun tuntun. Àgbọ̀n ajá yìí, tí ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ rí, ibẹ̀ ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ́wọ́ mi fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti gbòǹgbò lọ sí ṣóńṣó, bí irun ṣe ń hù, mi ò sì kánjú. Bí wọ́n bá ní kí n nawọ́ sí ibi tí ìbẹ̀rẹ̀ tuntun wà nínú àwòrán mi, ẹnu ajá ni mo máa nawọ́ sí.

Ojú ló kù. Ojú lọ̀rọ̀ wà, nínú àwòrán pàápàá. Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, ya ehoro kan ní 1502, ó wà ní Albertina, ilé àkójọ àwòrán kan ní ìlú Vienna. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ẹyinjú ehoro náà á rí fèrèsé kékeré nínú rẹ̀, pẹ̀lú igi tó dá a sí méjì. Ehoro ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún ó lé, yàrá ti pòórá, fèrèsé ṣì wà nínú ojú. Ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn ló ń sọ fún wa pé ẹran náà wà níbì kan, ní ọjọ́ kan, níwájú ẹnì kan.

Àárín ojú Dúdú ti ní kurukuru búlúù díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rí i lórí fídíò, àyà rẹ̀ já, ó ní ajá òun ti ń fọ́jú. Dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ajá bá ń dàgbà, lẹ́ǹsì inú ojú rẹ̀ máa ń le, á máa tú ìmọ́lẹ̀ ká, kurukuru yẹn á sì hàn sí ẹni tó ń wò ó láti ìta. Ajá ń fi ojú náà ríran. Ó yàtọ̀ sí àrùn tó ń sọ lẹ́ǹsì di funfun gbòò tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní ráyè wọlé. Ó rọrùn fún mi láti pa kurukuru náà rẹ́ kí ojú lè dán bíi ti inú fọ́tò. Mo fi sílẹ̀. Mo fi búlúù tó fẹ́lẹ́ bo dúdú ẹyinjú, mo sì fi fèrèsé pálọ̀ mi lé e lórí, tóótòòtó, ní funfun tó nípọn. Ìmọ́lẹ̀ wà nínú ojú ajá inú fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ilé àtijọ́ ni. Ilé yẹn ti ní ayálégbé mìíràn.

“Ṣebí ìbẹ̀rẹ̀ tuntun lo ń pariwo,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí nígbà tó gbọ́ pé mo ti dé orí ohun tó máa wà lẹ́yìn ajá. “Ya oòrùn sí i nígbà náà. Oòrùn àárọ̀.” Mo ní rárá, mà. Àmì tí a bá fi tipátipá gbé síwájú ènìyàn kì í pẹ́ sú u. Francisco Goya, ayàwòrán ará Sípéènì, ti lé ní àádọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ti di pátápátá, nígbà tó ya ajá kan sára ògiri ilé rẹ̀ láàárín 1819 sí 1823. Orí ajá náà nìkan ló yọ, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gbójú sókè. Gbogbo ibi tó kù ṣófo, àwọ̀ yẹ́lò tó ti rẹ̀. Goya kò fún un ní àkọlé. Wọ́n ti ṣí i kúrò lára ògiri, ó ti wà ní Prado, ilé àkójọ àwòrán kan ní Madrid, báyìí. Àwọn kan ní ajá náà ń rì, àwọn kan ní ẹnì kan ló ń wò tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ pé Goya ti ya odò tàbí ènìyàn sí òfìfo yẹn, a kì bá máa jiyàn lé e lórí lónìí, a kì bá sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ́.

Ògiri lásán ni mo fi sẹ́yìn Dúdú, ògiri tí oòrùn ti rà bàbà lára rẹ̀. Lápá òsì, mo fa etí ilẹ̀kùn kan sí i. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì, ajá kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọ̀dà epo ni mo lò. Ó lọ́ra, èmi kò sì níbi tí mò ń sáré lọ. Kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú epo náà, tí epo á fi máa le díẹ̀díẹ̀. Ìpele ìsàlẹ̀ ni kí epo rẹ̀ kéré, kí ti òkè pọ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkè á gbẹ ṣáájú ìsàlẹ̀, á sì sán. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹran nílé, ẹ má ṣe fi tẹ́pẹ́ńtáìnì, omi tí à ń fi la ọ̀dà epo, sílẹ̀ láìbò, májèlé ni fún wọn, ẹ sì ṣí fèrèsé. Dúdú wá wo iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Búlúù àti yẹ́lò ni ojú ajá ń yà sọ́tọ̀ dáadáa, pupa àti àwọ̀ ewé kò yàtọ̀ síra lójú rẹ̀, nítorí náà mi ò mọ irú àwòrán tó rí. Ó gbóòórùn ẹsẹ̀ igi tí mo gbé kánfáàsì lé, ó sín, ó padà síbi oòrùn rẹ̀.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ni mò ń ṣe wàhálà fún nígbà tí fóònù lè sọ fọ́tò di àwòrán ọ̀dà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kò burú. Ó rẹwà, ó sì yá. Ṣùgbọ́n fóònù ló máa wo itan ajá náà, ìwọ kò ní wò ó.

Nígbà tí mo parí, mo gbé fóònù síwájú àwòrán náà kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí i. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Ó ti darúgbó.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?”

“Ó wà lọ́wọ́ mi. Mo máa ya ìyẹn náà bí ẹ bá fẹ́. Ìrántí yín nìyẹn. Dúdú nìyí.”

Ó ní kí n gbé fóònù súnmọ́ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé e sẹ́yìn. “Kí ló dé tó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn?”

Mo wá sọ fún un bí ajá ṣe ń sùn sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó kọ́kọ́ dé, àti àárọ̀ tí mi ò bá a níbẹ̀ mọ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún un rí, nítorí mi ò fẹ́ kó rò pé ajá ti gbàgbé òun. Mo rò pé á sunkún. Ó ní, “Òun ló gbọ́n jù mí lọ.” Ó ní àpótí òun méjì ṣì wà ní títì ní igun yàrá láti ìgbà tóun ti dé, pé inú ẹyọ kan tóun ṣí lòun ti ń mú aṣọ wọ̀. Ó ní kí n fi àwòrán náà ránṣẹ́ kíákíá.

“Kò tíì gbẹ, mà.”

“Ìgbà wo ló máa gbẹ?”

“Ó máa tó bí oṣù mẹ́fà kí n tó lè kun fáníìṣì sí i.”

“Oṣù mẹ́fà! Epo wo lo fi kùn ún, epo mọ́tò?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ní kí n bá òun wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀, kí òun lè mọ ibi tóun máa gbé e kọ́ sí. Mo wọ̀n ọ́n, mo kà á fún un. Ó ní ògiri kan ṣoṣo ló gbà á nínú yàrá òun, àwọn àpótí ọ̀hún ló sì wà níbẹ̀, òun á ní láti kó wọn kúrò.